Ìpàdé Tí Wọn Ò Tíì Ṣe Àdúrà Ìparí Rẹ̀

"Jókòó, Waris. Tọ́ọ̀nù ẹ ò tíì kàn."

Ohun tí Síkírù Fáṣadé bá ọmọ rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kò pariwo. Kò tilẹ̀ yíjú wò ó. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń dá ọmọdé dúró létí títì kí ọkọ̀ kọjá. Waris sì jókòó. Kò pẹ́ sí i tí bàbá fi dìde, tó gbọn ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, tó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, tó sì ṣubú. Kò sọ nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ ṣì là nígbà tí wọ́n gbé e jáde.

Inú gbọ̀ngàn ìpàdé Ìta-Orógbó, nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ṣú. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní ó ti lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Bí Mùsùlùmí ti ń ṣe é nìyẹn. Waris ò ráyè sunkún. Ó kàn ń wo àwọn tó ń bu yẹ̀pẹ̀ lé e lórí, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń retí kí bàbá rẹ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bù ú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí irú ènìyàn tí Síkírù jẹ́ nìyẹn.

Awakọ̀ ni kó tó di alága ìpàdé àdúgbò. Bọ́ọ̀sì kékeré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì láì fi okùn so ló fi ná ọ̀nà Ìmùṣin àti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ títí irun fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kó gàárì wá sọ́jà ló máa ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ni Ràmọ́tà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ríra, Ràmọ́tà fẹ́ gba iwájú wọlé, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Síkírù ní kó pa dà sẹ́yìn. Ràmọ́tà bú u láti gáréèjì títí wọ́n fi dé Ìmùṣin. Nígbà tó yá, wọ́n so yìgì.

"Títí dòní," Síkírù a máa wí, "kò tíì dárí jì mí."

"N ò ní dárí jì ọ́," Ràmọ́tà a dáhùn láti inú ilé. "Oòrùn pa mí lọ́jọ́ yẹn."

Ọmọ kan ṣoṣo ló yè fún wọn, Waris náà nìyẹn. Ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí. Ó fi iléèwé sílẹ̀ lágbede méjì, ó lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀dà kíkùn, kó máa kun ilé onílé. Ó rò pé bàbá òun máa bínú. Bàbá kàn wò ó, ó ní, "Kò burú. Ẹni tó ń kun ọ̀dà, ó kéré tán, á mọ̀ pé kí àkọ́kọ́ gbẹ kí òun tó fi ìkejì lé e." Kò sí ohun tí bàbá yìí kì í sọ di ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀nù.

Nígbà tí orúnkún dá a dúró, tí kò lè tẹ bíréèkì mọ́, ó gbé ọkọ̀ jókòó. Ràmọ́tà ló wá ń bọ́ ilé. Yàrá iwájú ilé wọn, èyí tó dojú kọ títì, ló sọ di ṣọ́ọ̀bù. Ó kan pákó mọ́ ògiri, ó to mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti kúbù ìsebẹ̀ sórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí àìsàn fi mú un. Lẹ́yìn tó kú, Síkírù ò lè sùn ní yàrá àwọn méjèèjì mọ́. Ó ká ẹní lọ sínú ṣọ́ọ̀bù, ó dùbúlẹ̀ sí àárín àwọn pákó tí kò sí ọjà lórí wọn mọ́. Waris bi í léèrè pé kí ló dé.

"Òórùn ọṣẹ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀," bàbá ní.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ń sùn látìgbà náà.

Ìpàdé Ìta-Orógbó kì í ṣe káńsù tí ìlú dìbò yàn. Ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò ni. Àmọ́ bí káńsù ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ la ọ̀nà tàbí gbẹ́ kànga, ìpàdé yìí ni wọ́n ń kọ̀wé sí, ohun tí ìpàdé bá sì fẹnu kò lé lórí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní káńsù kékeré. Kí Síkírù tó gorí àga, ariwo lásán ni. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ló ń borí. Frederick Ìbítáyọ̀ ló sì máa ń ròkè jù, torí panẹbítà ni, òòlù ti di í létí tipẹ́, kì í mọ̀ pé òun ń pariwo.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Síkírù sípò alága, ó jẹ́ kí wọ́n pariwo títí ó fi sú wọn. Ó wá dìde.

"Ní gáréèjì," ó ní, "bí gbogbo ọkọ̀ bá ń pe èrò pọ̀, kò sí èyí tó máa kún. Ẹ̀yin èrò wa, ṣé ẹ fẹ́ dé ibi tí ẹ̀ ń lọ, àbí ẹ fẹ́ sun gáréèjì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní láti òní lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dìde dúró. Bó bá sọ ọ́ tán, á jókòó, kí ẹlòmíràn tó dìde. Kò sí pé o dàgbà jù mí, kò sí pé ilé ẹ ga ju tèmi. Ó wá gbé agogo kékeré lé Frederick lọ́wọ́, ó fi í ṣe igbákejì rẹ̀, ó ní kó máa lù ú fún ẹni tó bá gba tọ́ọ̀nù onítọ́ọ̀nù. Láti ọjọ́ náà ni Frederick ti yéé gba tọ́ọ̀nù onítọ́ọ̀nù. Kò lè máa lu agogo fún ara rẹ̀.

Ó ní òfin mìíràn tó mú àwọn kan bínú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn gan-an ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kó lè gbọ́ ti gbogbo ayé kó tó la ẹnu. "Dẹ́rẹ́bà ló ń wọ ọkọ̀ kẹ́yìn," ó ní, "nígbà tí èrò bá ti jókòó tán." Wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbẹnu sọ fún ẹni tí kò sí nínú yàrá. Kò sí "lágbájá ní kí n sọ fún yín." Lágbájá ní ẹsẹ̀, kó fi í rìn wá.

Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ilé alága fúnra rẹ̀, alága á ṣí fìlà, á gbé e sórí àga, á lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bíi gbogbo ènìyàn. Fìlà ló ń ṣọ́ àga. Igbákejì á darí ìpàdé lórí ìdúró. Kò gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀.

Àmọ́ òfin tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni ti àdúrà. Aáfà Mukhtar, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ló ń ṣí ìpàdé pẹ̀lú àdúrà, òun náà ló ń fi àdúrà parí rẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn àmín ìparí, Síkírù ò mọ̀ ọ́n. Nígbà kan, àwọn mélòó kan fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ọdẹ àdúgbò níbi tí wọ́n ti ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ́gi lé e. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà nìyẹn," ó ní. "Ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà." Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpàdé tí wọn ò bá fi àdúrà parí, kò tíì parí. Ìjì ká páànù gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn sá jáde, kò sẹ́ni tó rántí àdúrà. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún jókòó. Aáfà gbọ́wọ́ sókè láti ṣí ìpàdé.

"Àdúrà wo?" Síkírù ní. "A ò tíì parí. Frederick, ibi tí o dé ni 'àti pé'. Àti pé kí ni?"

Frederick ò rántí. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àwọn ọmọdé ò pè é ní nǹkan míì mọ́ ju Bàbá Àtipé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gọ́tà dé.

Omi òjò ń wọ Ìta-Orógbó láti òkè, ó ń gba inú ilé onílé kọjá. Káńsù gbà láti gbẹ́ gọ́tà. Ẹ́ńjíníà wọn wá, ó wọ̀n ún, ó ní ọ̀nà méjì péré ló wà. Bí gọ́tà bá gba ọwọ́ ọ̀tún, yóò wó yàrá iwájú ilé Fáṣadé. Bó bá gba ọwọ́ òsì, yóò wó ilé Mùínátù láti ìpìlẹ̀. Opó ni Mùínátù, ó ń ta ògì, yàrá méjì ni gbogbo ilé rẹ̀. Káńsù ní kí àdúgbò mú ọ̀kan, kí àwọn lè bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó le.

Ọjọ́ ìpàdé, Waris pẹ́ níbi iṣẹ́. Ó wọlé pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́, ó wá àyè jókòó. Ó rí fìlà bàbá rẹ̀ lórí àga, ó rí bàbá fúnra rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ẹnì kan wà lórí ìdúró tó ń sọ pé yàrá kan kì í ṣe odindi ilé, kí wọ́n wó ti Fáṣadé. Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí Waris. Yàrá ìyá òun. Ó fò dìde.

Ìgbà náà ni bàbá ní kó jókòó.

Àwọn yòókù sọ tiwọn tán. Ó kan Mùínátù, torí ọ̀rọ̀ kàn án. Ó dìde, ó ní, "Mo ti gbọ́ yín. Ẹ ṣé," ó jókòó. Ó wá ku ilé Fáṣadé. Síkírù fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. Ó wúkọ́. Ó la ẹnu.

Ìyókù ti di mímọ̀.

Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ilé dákẹ́. Waris ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, á gbọ́ ikọ́ láti inú ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn. Irú èyí tí ènìyàn ń wú kó tó sọ̀rọ̀ láwùjọ ni. Á dìde jókòó, á dúró, á máa retí ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé e. Kò sí nǹkan kan tó ń tẹ̀ lé e. Ó ń rò ó pé bí bàbá bá sọ gbólóhùn kan péré, ẹ̀rù á ba òun, àmọ́ òun á lè sùn. Àìsọ ló burú. Ṣé "ẹ wó o" ló fẹ́ sọ ni? Ṣé "ẹ má fọwọ́ kàn án" ni? Bó bá tún ọ̀rọ̀ náà rò sí ọ̀tún, á tún un rò sí òsì. Níbi iṣẹ́, ó kun ògiri kan ní funfun tán kó tó rántí pé àwọ̀ ewé ni onílé wí.

Gbọ̀ngàn náà tún burú ju ilé lọ. Kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀ mọ́ látọjọ́ náà. Wọn ò pa fáànù, wọn ò pa iná. Nítorí náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá múná wá, gbọ̀ngàn á tàn yòò fúnra rẹ̀, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á máa ké bí ẹni ń pọfọ̀. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á rí àwọn àga bí wọ́n ṣe wà, èyí tó ṣubú ṣì wà nílẹ̀, fìlà sì wà lórí àga alága. Kálukú ti ní ìtàn tirẹ̀. Ìyá alákàrà gbọ́ agogo. Ẹnì kan ní atẹ́gùn fáànù ò mi fìlà náà rárá. Frederick ní èkúté lásán ni, kí wọ́n yéé bẹ̀rù. Àmọ́ òun náà ti ń gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ò ju ọ̀kan lọ, wọn ò kàn fẹ́ pè é lórúkọ. Ìpàdé náà ò tíì parí.

Aáfà Mukhtar wá kí Waris. Ó gbàdúrà fún òkú, ó mu omi, ó wá sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, má ronú nípa yàrá yẹn. Ta ló máa wó ilé òkú? Gbogbo wa ti sọ ọ́ láàárín ara wa. A ó kàn wọlé, a ó ṣe àdúrà ìparí ti ọjọ́sí, a ó ṣí tuntun. Kálukú á tún tirẹ̀ sọ. Ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, sà."

"Àánú ẹ ń ṣe gbogbo àdúgbò."

"Ẹ ṣé, sà."

Ara Waris fúyẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Yàrá á dúró. Ó gbá a, ó nu àwọn pákó, ó sọ fún ìyá rẹ̀ nínú ọkàn pé yàrá á dúró. Àmọ́ ikọ́ náà ò dáwọ́ dúró ní ìdájí. Ńṣe ló sún mọ́ tòsí.

Abọ́ Mùínátù wà nílé, èyí tó fi gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ wá nígbà ọ̀fọ̀. Waris fọ̀ ọ́, ó gbé e lọ fún un. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Yèsí o?" Mùínátù bi í láti inú ilé.

"Èmi ni, mà. Waris."

"Wọlé, bí o bá ráyè gbẹ́sẹ̀ sí."

Kò sí àyè lóòótọ́. Ìkòkò, ẹní, asẹ́ ògì, gbogbo wọn ló ti dì. Mùínátù jókòó sórí àpótí, ó ń fi okùn di ẹrù kan, ó fi eyín fa okùn náà le.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, mà?"

"Ìbẹ̀fun. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kò sẹ́ni tó kù tó mọ̀ mí níbẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ ò lè sọ pé òun ò mọ̀ mí." Ó wò ó. "Má fajú ro. Wọ́n ti sọ fún mi pé àánú ẹ ń ṣe wọ́n. Àánú dára. Èmi náà, ọkọ mi kú, àánú mi ṣe wọ́n. Wọ́n gbé gàárì wá. Wọn ò yí gọ́tà fún mi."

Waris wá àyè lórí ilẹ̀. Ó gbé abọ́ sílẹ̀.

"Bàbá ẹ yẹn," Mùínátù ní, "ó ni mí lára. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, á ní kí wọ́n lu agogo, bí ẹni ń da ewúrẹ́. Mo bú u dójú rẹ̀. Mo ní, 'Alága, ìwọ àti tọ́ọ̀nù ẹ, ọjọ́ tí ikú bá dé, wàá sọ fún un pé tọ́ọ̀nù ẹ ò tíì kàn.'" Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Háà. Má bínú, ọmọ mi."

"Kò sí nǹkan, mà."

"Kí ló fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn?"

"N ò mọ̀, mà."

"Kò bá ẹ sọ nǹkan kan nílé?"

"Kò sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kì í sọ ọ̀rọ̀ ìpàdé nílé."

Mùínátù mi orí. "Èmi àti ìwọ la jọ wà níbẹ̀. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo ní bó bá ní kí wọ́n wó tèmi, n óò bú u. Bó bá ní kí wọ́n wó tirẹ̀, n óò dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Kò ṣe méjèèjì. Mo ṣì ń wo ẹnu náà di òní. Bí mo bá ń jọ ògì, mo ń wò ó."

Ó tún fa okùn le. Waris bá a mú ìdí ẹrù náà, kó lè dì í dáadáa. Nígbà tó délé, inú bí i pé òun bá a dì í.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Frederick ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àmọ́ kò wọlé títí wọ́n fi pọ̀. Wọ́n wọlé pọ̀, bí àgùntàn. Iná wà, fáànù ń ké. Ẹnì kan gbé àga tó ṣubú dìde, ó sì yára kúrò nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó sí tòsí àga alága. Eruku ti bo fìlà náà.

Aáfà Mukhtar gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká yára ṣe àdúrà ìparí ti ọjọ́sí."

"Àdúrà wo?" Mùínátù ní. "A ò tíì parí."

Ohùn tirẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ló mọ ẹni tó ni ín. Ọwọ́ Aáfà dúró lókè.

"Mo ti sọ̀rọ̀," Mùínátù ní. "Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀. Ẹ fẹ́ pa á dé, kí ẹ lè wá sọ òmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi lọ, ẹ lé mi nínú ìpàdé tí a ṣí sílẹ̀. Ilé Fáṣadé nìkan ló kù."

Ariwo sọ. Bàbá kan tó ń gbé lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí fò dìde, ó ní, "Alága bá mi sọ ọ́! A jọ ń ṣe àlùwàlá ni. Ó ní òun ò lè fi yàrá ìyàwó òun sílẹ̀. Ó ní—"

Frederick lu agogo. "Ẹ mọ òfin, bàbá. A kì í gbẹnu sọ fún ẹni tí kò sí nínú yàrá."

Bàbá náà yíjú wo àga. Ó wo fìlà. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ò fẹ́ kí nǹkan gbọ́.

"Frederick, ṣé ìwọ lè dúró níbẹ̀ yẹn kí o sọ pé kò sí nínú yàrá yìí?"

Frederick náà wo fìlà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Fáànù ń ké. Àwọn ènìyàn ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Waris wà lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó wo ojú wọn. Ó wá yé e pé gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ikọ́ náà.

Ó dìde.

"Kò sí níbí," ó ní.

Wọ́n yíjú sí i.

"Bàbá mi ò sí níbí. Èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú sàárè. Kò sí níbí." Ó yíjú kúrò lára fìlà. "N ò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò mọ̀ ọ́n. Bàbá yìí ò mọ̀ ọ́n náà, ẹ má bínú, sà. Ó lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ilé Fáṣadé ló kù láti sọ̀rọ̀. Èmi ni ilé Fáṣadé."

"Máa sọ ọ́, ọmọ mi," Frederick ní. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Inú yàrá yẹn ni ìyá mi kú sí. Mo fẹ́ kó dúró. Mi ò purọ́. Bí ẹ bá bi mí léèrè lọ́jọ́sí, ohun tí n bá sọ nìyẹn." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ wó o. Kí gọ́tà gba ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni mo sọ ọ́ o, kì í ṣe bàbá mi. Bó bá jẹ́ pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni kó bínú sí."

Ó jókòó.

Frederick gbé agogo. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó bi wọ́n bóyá ẹnì kan ṣì wà tí tọ́ọ̀nù rẹ̀ kù. Kò sí. Ó ní kí ẹni tó bá tẹ̀ lé ohun tí ìpàdé ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ na ọwọ́. Ọwọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀, ti bàbá ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí ló gòkè kẹ́yìn. Aáfà Mukhtar wá ṣe àdúrà. Kò gùn. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, ẹnì kan sunkún, lẹ́yìn náà àwọn púpọ̀ sunkún, bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Waris lọ sí ìdí àga. Ó mú fìlà, ó gbọn eruku rẹ̀, ó kì í bọ àpò. Ẹnì kan pa fáànù. Gbọ̀ngàn dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ ọmọ tó ń ké ládùúgbò kejì.

Lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń wá bàtà, Mùínátù dúró tì í. Kò dọ̀bálẹ̀. Kò dúpẹ́.

"Ẹni tó bá mi di ẹrù," ó ní, "kó wá bá mi tú u. Okùn yẹn le."

"Mo ń bọ̀, mà. Ó di ọ̀la."

Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ní àwọn ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, Waris ò lọ síbi iṣẹ́. Ìdájí ti kọjá. Ó ti jí ṣáájú ìrun, ó ti fetí sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Kò mọ̀ bóyá bàbá gbà ni, àbí ó bínú ni kò fi wúkọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un.

Ó ká ẹní bàbá rẹ̀ jáde. Ó gbé òòlù, ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Pákó ìyá rẹ̀ ṣì dára, ikán ò jẹ ẹ́. Ó fi ẹ̀yìn òòlù fa ìṣó àkọ́kọ́, ó yọ, ó ti tẹ̀. Ó gbé e lé orí òkúta ẹnu ọ̀nà, ó ń kàn án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tọ́. Ó sọ ọ́ sínú agolo mílíìkì. Ó wá yí sí ìṣó kejì.